Ibi Tí Omi Ìdọ̀tí Ń Yà Sí Kó Tó Dé Odò

 

Ọ̀rọ̀ gọ́tà kì í tán nínú ìpàdé wa. Omi tí a fi fọ ẹja, ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà, omi ata láti ìsọ̀ àwọn tó ń lọ ata, omi ọṣẹ, epo tí àwọn alákàrà ti lò gbó: gọ́tà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń bá lọ, inú odò ni gọ́tà sì ń já sí. Àwọn kan á ní, "Ṣebí odò ń ṣàn, yóò gbé e lọ." Lóòótọ́ ni odò ń gbé nǹkan lọ, àmọ́ ó níba.

Ẹja náà ń mí. Atẹ́gùn tó wà nínú omi ló ń mí, kò sì pọ̀ níbẹ̀ bíi ti òkè tí àwa wà. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín tí ojú ò lè rí tún wà nínú omi tí wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí. Ìbátan wọn ló ń mú kí ògì wa kan. Àwọn náà ń mí atẹ́gùn ọ̀hún. Bí ìdọ̀tí bá kéré, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, omi á mọ́ padà. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á máa bí sí i, wọ́n á mí atẹ́gùn inú omi tán pátápátá. Ẹja á léfòó, omi á dúdú, á máa rùn. Èémí ló tán fún ẹja, kì í ṣe oúnjẹ.

Iṣẹ́ tí ibi ìtọ́jú omi ìdọ̀tí ń ṣe kò ju pé kí àwọn kòkòrò yẹn jẹun tán níbòmíràn kí omi tó dé odò tàbí ọ̀sà.

Ìlú kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ California, Arcata lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò tó 20,000. Ó wà létí ọ̀sà tí wọ́n ń pè ní Humboldt Bay, níbi tí wọ́n ti ń sin oyster, ẹran inú ìkarahun tó ń sẹ́ omi láti rí oúnjẹ jẹ. Ohun tí omi bá gbé wá náà ló ń gbé mì. Bí omi bá bàjẹ́, ọjà àwọn tó ń tà á bàjẹ́ nìyẹn. Bí òjò ńlá bá rọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n dáwọ́ kíkó o dúró ná.

Ní 1974, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní kí àwọn ìlú má da omi ìdọ̀tí sínú irú ọ̀sà bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi ìlú tó bá lè fi hàn pé omi òun ń ṣe ọ̀sà lóore. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ìlú agbègbè náà para pọ̀ kọ́ ilé ìtọ́jú ńlá kan. Owó gọbọi ni. Arcata kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n George Allen, onímọ̀ ẹja, àti Robert Gearheart, onímọ̀ ẹ̀rọ, láti yunifásítì ìlú náà, ní àbàtà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n dán an wò, ó ṣeé ṣe. Nígbà tó fi máa di 1986, gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí á tètè lóye rẹ̀. Asẹ́ irin ni omi kọ́kọ́ ń gbà kọjá, tí àkísà àti ọ̀rá á há síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀ nínú kòtò ńlá bí ògì ṣe ń silẹ̀ tí omidùn á wà lókè. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ń lọ sínú àgbá ńlá tó dé pa, ibẹ̀ ló ti ń jẹrà. Omi òkè ń lọ sí adágún, níbi tí ohun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ti ń fi oòrùn ṣe atẹ́gùn sínú omi, tí àwọn kòkòrò wa ń mí in, tí wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí. Láti ibẹ̀, ó kan àbàtà. Koríko gíga ń mú omi rọra rìn, ó ń ṣíji bò ó, ohun tó ṣẹ́kù á rọlẹ̀. Wọ́n á pa kòkòrò àrùn tó kù kí omi tó wọ ọ̀sà. Irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí níbẹ̀ lé ní 300, àwọn ènìyàn sì ń lọ ṣeré níbẹ̀. Lórí omi ìgbẹ́ o!

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí asẹ́, kò sí adágún láàrin ọ̀pọ̀ gọ́tà ọjà àti odò. Bí ọwọ́ wa ò tiẹ̀ tó adágún, ọwọ́ wa tó asẹ́ àti kòtò. Asẹ́ irin lẹ́nu gọ́tà kí ọ̀rá má baà kọjá. Kòtò kékeré kan níbi tí àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn tó ń lọ ata wà, kí omi silẹ̀ kó tó ṣàn lọ, kí a máa kó gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé. Kòtò yìí kò lè pa kòkòrò àrùn o, nítorí náà ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ má fi omi odò ìsàlẹ̀ ọjà wọ́n ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin alákàrà, inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ máa da epo tó bá ti gbó sí, nítorí bó bá dì mọ́ gọ́tà, òjò kan péré ló kù tí omi á fi wọ ìsọ̀ gbogbo wa.