Lùkúlùkú àti Ìrántí Inú Ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní Bida gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, tí àrùn tí ó gbé wá sì tipa ojú irin wọ ìlú kan dé òmíràn títí tí ó fi kan àwọn abà inú oko, àwọn baba wa kò wá orúkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Lùkúlùkú ni wọ́n pè é, orúkọ àrùn tí í wọ agbo adìẹ lóru, tí ilẹ̀ yóò sì mọ́ tí àgò yóò ti ṣófo. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 18 ènìyàn tí ó wà ní Nàìjíríà nígbà náà, bí ìdajì mílíọ̀nù ni ó bá a lọ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Lùkúlùkú apanimáyọdà, tí í fo arúgbó dá lórí ẹní tí í lọ gbé géńdé!

Ìnfúlúẹ́ńsà ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òtítọ́ ni pé kòkòrò tí ń pa adìẹ ẹ̀yìnkùlé wa kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, síbẹ̀ àwọn baba wa kò sọ̀kò ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí ojú àmì, nítorí pé ara àwọn ẹyẹ etí omi ni ìnfúlúẹ́ńsà tí ń jà káàkiri ayé ti ṣẹ̀ wá. Awẹ́ mẹ́jọ ni àṣẹ ìbí tí kòkòrò náà gbé sínú pín sí, bí ìgbà tí a bá ya obì, bí oríṣi méjì bá sì pàdé nínú ara ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n lè fi awẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀, kí èyí tí ojú ayé kò rí rí sì tibẹ̀ jáde. Ẹ̀gún kún ara rẹ̀ lóde, ó sì jẹ́ pé bí olú ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀gún wọ̀nyí rí: wọ́n ní orí, wọ́n ní igi. Orí ni àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa fi ń dá a mọ̀, orí náà ni òun sì ń pààrọ̀ bí ọ̀gà ti í pààrọ̀ àwọ̀, èyí tí ó fi di dandan kí ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára léṣìí tún gba òmíràn lọ́dún yìí. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pe àwọn àgbà ìmọ̀ jọ láti yan oríṣi tí a ó fi ṣe abẹ́rẹ́, bí ẹni tí ń rán aṣọ ọdún sílẹ̀ de ọmọ tí ń dàgbà lọ́wọ́.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò yìí mú lára ènìyàn, ní ọdún 1933. Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw kán omi tí aláìsàn fi fọ ọ̀fun sí imú ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ferret, ni ẹranko náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín, tí ikun ń dà ní imú rẹ̀. Níjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ferret náà sín lu Smith lójú, kò sì pẹ́ tí ibà fi dá òun náà wó. Ara Smith ni wọ́n ti gba kòkòrò tí ó ń jẹ́ WS di òní olónìí, ìyẹn lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ti ọdún 1918 ti bá àwọn tí ó pa wọ kòtò. Johan Hultin, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ni ó lọ wá a ní Brevig Mission ní Alaska ní ọdún 1951, ní abúlé tí àrùn náà ti pa àgbàlagbà 72 nínú 80 láàárín ọjọ́ márùn-ún, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì le koko bí àpáta nítorí òtútù. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé, ó dáná sórí ilẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, ó gé nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn òkú, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò jí. Ọdún 46 kọjá. Ó ti di ẹni ọdún 72 kí ó tó tún padà lọ ní 1997, ó sì bá obìnrin kan tí ó sanra nínú ilẹ̀, tí ọ̀rá ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹrà. Lucy ni ó sọ ọ́. Ẹ̀dọ̀fóró Lucy wà lára ohun tí Jeffery Taubenberger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ka awẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ parí ní ọdún 2005. Kí Hultin tó kúrò ní abúlé náà, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní iṣẹ́ igi, ó kan àgbélébùú ńlá méjì, ó sì rì wọ́n mọ́ ojú sàréè náà, nítorí pé èyí tí ó bá níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ti jẹrà tán. Mi ò lè ka ibẹ̀ kí n má dánu dúró.

Kí ló dé tí lùkúlùkú fi fi arúgbó sílẹ̀ tí ó mú géńdé? Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sì ni ìnfúlúẹ́ńsà tí ó kọ́kọ́ bá ọmọdé jà ṣe ń fín àmì sí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Thomas Francis ti sọ èyí láti ọdún 1960. Ní ọdún 2016, Katelyn Gostic, James Lloyd-Smith, Michael Worobey àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wá ṣe àyẹ̀wò àwọn tí ìnfúlúẹ́ńsà ẹyẹ méjì mú: H7N9 ti ilẹ̀ Ṣáínà, àti H5N1, èyí tí a rí ní oko adìẹ kan ní Kàdúná ní oṣù Kejì ọdún 2006, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Wọ́n rí i pé ọdún 1968 ni ààlà. Àwọn tí a bí ṣáájú rẹ̀ kì í sábà kú sọ́wọ́ H5N1, àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ ni H7N9 kì í sábà rí pa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó pàdé ọ̀kankan nínú méjèèjì rí. Ìbátan wọn ni wọ́n pàdé ní kékeré. Orí wọn yàtọ̀, igi wọn jọra. Ààbò tí ó wá láti ibẹ̀ tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àìsàn líle, ó sì tó 80 lórí ikú. Worobey rò pé àwọn géńdé ọdún 1918 ti bá kòkòrò agbo ilé mìíràn pàdé ní kékeré, àmì tí ó wà lẹ́jẹ̀ wọn kò sì bá ti àlejò náà mu.

Igi olú yìí ni àwọn onímọ̀ wá gbájú mọ́ báyìí, nítorí kì í yára yí padà bí orí. Ní iléèwé ìṣègùn Mount Sinai ní New York, Peter Palese, Florian Krammer àti Adolfo García-Sastre ṣe àjẹsára tí ó ń fi orí àjèjì lé igi kan náà, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ orí náà láti abẹ́rẹ́ kan dé èkejì, kí ara má baà rí nǹkan kan tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ àfi igi. Wọ́n ti gún un fún ènìyàn, èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020 sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn dojú ìjà kọ igi náà gidigidi. Ọ̀nà mìíràn ni Scott Hensley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà ní Philadelphia. Wọ́n kó oríṣi ogún, gbogbo èyí tí a mọ̀ nígbà náà, sínú abẹ́rẹ́ mRNA kan ṣoṣo, irú èyí tí a lò fún Kòrónà, wọ́n sì gún un fún eku àti ferret. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi kòkòrò ẹyẹ kan tí kò bá ìkankan nínú ogún náà dọ́gba kan àwọn ferret. Àrùn náà wọ̀ wọ́n lára, àwọn kan tí a kò gún sì kú. Gbogbo àwọn tí a ti gún ni ó yè.