Canon 2000D àbí 4000D: èwo ni kí ẹ fi owó àjọ yín rà?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Yaba, Surulere àti Mushin ló ń fi kámẹ́rà jẹun báyìí. Lónìí ọjọ́ ìbí, lọ́la ìgbéyàwó, lọ́túnla ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní UNILAG tàbí Yabatech. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò tíì pọ̀, kámẹ́rà méjì kan wà tí wọ́n sábà máa ń gbé síwájú ẹ̀: Canon EOS 2000D àti Canon EOS 4000D. Oṣù Kejì ọdún 2018 ni Canon kéde àwọn méjèèjì. Wọ́n jọra bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé, àmọ́ owó wọn ò dọ́gba. 2000D ló wọ́n jù.

Tí ẹ bá bi ẹni tó ń tà á pé kí ló fa ìyàtọ̀ owó yẹn, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé: "Eléyìí ní megapixel 24, ìyẹn ní 18." Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ iṣẹ́, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ẹ ò ní fẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì wà níbòmíràn, ẹnu kì í sì í sábà dé ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Owó tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù dá àjọ kó jọ, kò yẹ kó bá nọ́ńbà lásán lọ. Ẹ jẹ́ ká tú àwọn kámẹ́rà yìí wò.

Ilẹ̀ kan náà, yàrá 18 àbí yàrá 24

Láyé àwọn bàbá wa, fíìmù ló ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú kámẹ́rà. Lónìí, sẹ́ńsọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Pẹlẹbẹ kékeré kan ni, tó kún fún ojú tíńtìntín tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan là ń pè ní píksẹ́lì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé ojú kan máa ń di iná mànàmáná díẹ̀ níbẹ̀: ibi tó mọ́lẹ̀ kó púpọ̀, ibi tó ṣókùnkùn kó díẹ̀. Kámẹ́rà á wá ka gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, àwọn nọ́ńbà yẹn ló sì ń di fọ́tò. Megapixel kan jẹ́ mílíọ̀nù kan píksẹ́lì.

Ní ọdún 1975, nígbà tí Steven Sasson kọ́kọ́ to kámẹ́rà dígítà pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, fọ́tò rẹ̀ ò ju 100 píksẹ́lì ní ìbú àti 100 ní òró lọ. Ìyẹn jẹ́ 10,000 péré. Ìṣẹ́jú àáyá 23 ló ń gbà kó tó tọ́jú fọ́tò kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Láyé ìgbà yẹn, ó yẹ kí èèyàn máa ka píksẹ́lì. Tí a bá ti dé mílíọ̀nù 18, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ẹ wò ó báyìí. Sẹ́ńsọ̀ 2000D àti ti 4000D, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n: mílímítà 22.3 ní ìbú, 14.9 ní òró. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilẹ̀ méjì wà ní àdúgbò kan ní Mushin, wọ́n sì tóbi bákan náà. Lánlọ́ọ̀dù kan kọ́ yàrá 18 sórí tiẹ̀, èkejì kọ́ yàrá 24. Ṣé ilẹ̀ ti ẹni kejì tóbi sí i ni? Rárá o. Yàrá ló kéré sí i. Tí òjò bá sì rọ̀, òjò kan náà ló máa rọ̀ sórí òrùlé méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò yẹn. Lórí 4000D, píksẹ́lì kan fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 4.3 nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Lórí 2000D, ó jẹ́ nǹkan bí 3.7. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ méjèèjì lè gbà ò yàtọ̀.

Fọ́tò ọ̀hún fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ti 2000D jẹ́ 6000 píksẹ́lì ní ìbú àti 4000 ní òró. Ti 4000D jẹ́ 5184 àti 3456. Nítorí pé ìbú àti òró la jọ ń sọ di púpọ̀, 24 àti 18 dà bí ìyàtọ̀ ńlá, àmọ́ ní ìbú nìkan, 2000D kàn fi nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 jù ú lọ ni. Tí ẹ bá gbé e lọ sí lábù pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 300 píksẹ́lì sí íǹṣì kan, ti 2000D máa fẹ̀ tó íǹṣì 20, ti 4000D máa fẹ̀ díẹ̀ ju íǹṣì 17 lọ. Fọ́tò 12×16 tí wọ́n ń gbé kọ́ sí pálọ̀, àwọn méjèèjì máa gbé e dáadáa. Tó bá jẹ́ Instagram ni, fọ́tò tó jẹ́ 1080 sí 1350 ò tiẹ̀ tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ píksẹ́lì. Ìyókù, dídànù ni.

Ibi kan ṣoṣo tí 24 ti máa wúlò ni tí ẹ bá jìnnà sí ẹni tí ẹ ń yà, tí ẹ sì fẹ́ gé etí fọ́tò kúrò kó lè dà bíi pé ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ máa rí àyè díẹ̀ sí i. Díẹ̀ náà ni.

Ibi tí wọn ò ti yàtọ̀ rárá

Ọpọlọ kan náà ló wà nínú wọn, èyí tí Canon ń pè ní DIGIC 4+. Ojú mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì fi ń wá ibi tí fọ́tò máa ti mú. Fọ́tò mẹ́ta ni wọ́n lè yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Full HD ni fídíò wọn. Wi-Fi wà lára méjèèjì láti fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù. Bátìrì kan náà ni wọ́n ń lò, LP-E10, ó sì ń yà tó nǹkan bí 500 fọ́tò kó tó kú. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé 2000D yára jù, ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

Ibi tí owó yẹn ń lọ gan-an

Àkọ́kọ́ ni ọrùn kámẹ́rà, ibi tí lẹ́ńsì ń wọ̀ sí. Irin ni ti 2000D. Rọ́bà ni ti 4000D. Tó bá jẹ́ pé lẹ́ńsì kékeré kan ló máa wà lójú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, rọ́bà yẹn ò ní wàhálà. Àmọ́ ẹni tó ń yọ lẹ́ńsì, tó ń fi òmíràn sí i ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tàbí tó ń gbé lẹ́ńsì ńlá tó wúwo kọ́ ọrùn kámẹ́rà, irin ló máa bá a kalẹ́.

Èkejì ni screen tó wà lẹ́yìn. Ti 2000D jẹ́ íǹṣì 3, tí ó ní àmì 920,000. Ti 4000D jẹ́ íǹṣì 2.7, tí ó ní 230,000 péré. Lójú tèmi, èyí ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń gba owó iṣẹ́. Screen ni ẹ fi máa mọ̀ bóyá ojú ìyàwó mú àbí ó ṣú bàìbàì. Lórí screen tó kéré tí àmì rẹ̀ ò pọ̀, gbogbo fọ́tò ló máa ń dà bíi pé ó dáa. Ó di ìgbà tí ẹ bá délé, tí ẹ ṣí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó mọ̀. Ìyàwó ò sì ní padà wá wọ gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kejì nítorí yín.

Ẹ̀kẹta ni àwọn nǹkan kéékèèké. 2000D ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tàn án, tí wọ́n fi ń pa á. Lórí 4000D, inú róbótó tí a fi ń yan irú fọ́tò ni títàn àti pípa wà. Fláàṣì orí 4000D, ọwọ́ ni ẹ máa fi fà á sókè. Ẹni tó ń lo gíláàsì ojú ní láti fiyè sí èyí: 2000D ní ibi tí a ti lè yí ojú ihò tí a ń wò bá ojú tiwa mu, 4000D ò ní in.

Ẹ̀kẹrin ni lẹ́ńsì tó bá a wá nínú páálí. Lẹ́ńsì 18-55 ni wọ́n sábà máa ń fi sí méjèèjì, àmọ́ oríṣi ẹ̀ pọ̀. Ẹ wo iwájú lẹ́ńsì bóyá ẹ máa rí lẹ́tà "IS". Tó bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kan wà nínú ẹ̀ tó ń mọ̀ pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n, tó sì ń sún dígí kan láti dín ìgbọ̀n yẹn kù. 4000D sábà máa ń bá èyí tí kò ní IS wá. 2000D pẹ̀lú lè bá a wá, torí náà ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ kà á fúnra yín. Ẹ rántí ṣá pé IS ò lè dá ẹni tó ń jó dúró. Ọwọ́ tiyín nìkan ló ń bá wí.

Ohun tí àwọn méjèèjì ò ní

Ihò máìkì ò sí lára ìkankan nínú wọn. Tó bá jẹ́ skit tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún YouTube ni èrò yín, ẹ máa ní láti fi fóònù gba ohùn lọ́tọ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀ kí ẹ lè fi so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Ẹni tí fídíò bá jẹ́ olórí iṣẹ́ ẹ̀, kó wá kámẹ́rà mìíràn.

Èyí tó tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni ti fláàṣì. Lórí kámẹ́rà, níbi tí a ti ń ki fláàṣì ńlá bọ̀, irin róbótó kan máa ń wà láàárín. Òun ló ń sọ fún fláàṣì pé "ó yá, tàn." Canon yọ irin àárín yẹn kúrò lára 2000D àti 4000D. Nítorí náà, fláàṣì olówó pọ́ọ́kú tàbí rìmóòtù stúdíò tó gbára lé irin àárín nìkan ò ní tàn rárá. Èyí tí wọ́n ṣe fún Canon, tó mọ bó ṣe ń bá àwọn irin kéékèèké yòókù sọ̀rọ̀, ló máa ṣiṣẹ́. Ẹ gbé kámẹ́rà yín dání lọ ra fláàṣì, kí ẹ sì tàn án wò níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Orúkọ púpọ̀, kámẹ́rà kan

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó wà lọ́jà wa, tòkunbọ̀ ni. 2000D yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní Rebel T7 ní Amẹ́ríkà, 1500D ní apá kan Asia, àti Kiss X90 ní Japan. 4000D ni Rebel T100 ní Amẹ́ríkà, òun náà ni 3000D ní Asia. Tí ẹnì kan bá ní T7 tòun ju 2000D lọ torí pé Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ ti mọ èsì.

Ẹ dán tòkunbọ̀ wò báyìí. Ẹ fi ìdérí bo ojú lẹ́ńsì, kí ẹ ya fọ́tò fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ó yẹ kó dúdú. Àmì pupa, funfun tàbí búlúù tó ń tàn níbẹ̀ ni píksẹ́lì tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí f/22, kí ẹ ya ògiri funfun. Àbàwọ́n dúdú tó bá hàn, eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni. Eruku ṣeé nù, àmọ́ ẹ lè fi já owó.

Tí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ wọ inú mẹ́nù, kí ẹ yí fídíò ẹ̀ láti NTSC sí PAL. Iná tiwa ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Tí ẹ bá lo fídíò 25 pẹ̀lú 1/50, ìlà dúdú tó máa ń rìn kọjá nínú fídíò máa dín kù gidi.

Lẹ́ńsì ni kí ẹ fowó sí

Canon EF 50mm f/1.8 STM wọ ara méjèèjì. Nọ́ńbà f ń sọ bí ihò lẹ́ńsì ṣe tóbi tó: bó bá ṣe kéré ni ihò ṣe ń tóbi. Lẹ́ńsì inú páálí, tí ẹ bá fà á dé 55, f/5.6 ni. Ẹ fi 1.8 pín 5.6, kí ẹ sọ èsì ẹ̀ di ìlọ́po ara ẹ̀: ó lé ní ìlọ́po 9. Ní gbọ̀ngàn tí iná ò ti tó, tí lẹ́ńsì páálí nílò 1/10 ìṣẹ́jú àáyá, tí gbogbo oníjó máa ṣú, 50mm yìí máa ṣe é ní nǹkan bí 1/100. Kò sí megapixel tó lè ṣe ìyẹn fún yín.

Lẹ́ńsì tún ń pẹ́ ju kámẹ́rà lọ. Ọdún 1987 ni Canon bẹ̀rẹ̀ ọrùn EF, tòkunbọ̀ ẹ̀ sì pọ̀ nígboro. Bí ẹ bá tiẹ̀ bọ́ sórí àwọn kámẹ́rà tuntun tó ń lo ọrùn RF lọ́jọ́ iwájú, àdápítà wà tó máa gbé lẹ́ńsì yìí lọ síbẹ̀. J. D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ fún fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, kámẹ́rà Brownie D kékeré kan tí kò ní fláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950.

Torí náà, ìdájọ́ tèmi rèé. Tí ẹ bá ti ń gba owó òde lọ́wọ́ èèyàn, ẹ ra 2000D nítorí screen ẹ̀ àti ọrùn irin ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí ìyàtọ̀ owó méjèèjì bá sì tó ra 50mm tòkunbọ̀, ẹ mú 4000D pẹ̀lú lẹ́ńsì yẹn. Èyí tí mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ láéláé ni kí ẹ ra 2000D torí 24, kí owó sì tán, kó wá ku lẹ́ńsì páálí nìkan lọ́wọ́ yín nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn.