Kí Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Tó Dé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kò sí àgbẹ̀ kan nínú yín tí yóò jókòó títí òjò yóò fi dá kí ó tó máa wá irúgbìn àgbàdo kiri. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú wa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ara wọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn, àti ọ̀rọ̀ ìbákẹ́gbẹ́ ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin, a kì í sọ ọ́ fún wọn títí àkókò rẹ̀ yóò fi kọjá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà nínú yàrá kan nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn wá fún àlùfáà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a so wọ́n pọ̀. A ti ṣe ìdána, a ti ra aṣọ, a sì ti san owó màlúù. Ọkùnrin náà jẹ́ AS. Obìnrin náà pẹ̀lú jẹ́ AS. Ìyá ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé a kò lè gbàdúrà kí ó yí padà?” Àlùfáà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọbìnrin náà ni ó wá sọ̀rọ̀: “Ẹ̀yin àgbà, ọdún mẹ́rin ni a ti ń fẹ́ra wa. Èé ṣe tí ẹnikẹ́ni kò fi bi wá léèrè ní ọdún kìíní?” N kò rí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ìgbéyàwó náà kò wáyé, àwọn méjèèjì sì sunkún púpọ̀.

Fún àwọn tí kò tíì gbọ́ ọ yé, ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Olúkúlùkù ènìyàn ni ó gba ìpín méjì nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìpín méjèèjì yìí ni à ń pè ní jẹ́nótaìpù. Ẹni tí ó gba A lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AA. Ẹni tí ó gba A lọ́dọ̀ ọ̀kan, tí ó sì gba S lọ́dọ̀ èkejì, jẹ́ AS. Ara rẹ̀ le, ó ń roko, ó ń gun ọ̀pẹ, kò sì sí àmì kan lójú rẹ̀ tí a fi lè dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba S lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, SS ni í ṣe, òun ni ó sì ní àrùn náà. Wóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé, a máa há sí ojú iṣan kéékèèké, ìrora a sì mú un nínú egungun bí ẹni pé a ń fọ́ ọ. Àwọn baba wa pe àrùn yìí ní fòníkú-fọ̀ladìde, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ọmọ tí ó ń kérora ní àná lè máa ṣeré lónìí. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn tí a ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́, tí a kọ ní abẹ lára, tí a sì sọ ní Málọmọ́ àti Dúrójayé, nígbà tí ọmọ náà kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ṣẹ̀ tí a kà sí i lọ́rùn.

Àgbẹ̀ ni yóò tètè lóye bí S ti ń fara pamọ́. Bí ẹ bá gbin àgbàdo funfun sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo pupa rúsúrúsú, afẹ́fẹ́ yóò gbé ìyẹ̀fun èyí lọ sórí ìyẹn, ẹ ó sì rí hóró pupa káàkiri lára àgbàdo tí ẹ pè ní funfun. Ẹ mú kìkì àwọn hóró pupa wọ̀nyí, kí ẹ gbìn wọ́n sí oko ọ̀tọ̀ tí ó jìnnà. Ní ọjọ́ ìkórè, bí ẹ bá bó o, ẹ ó bá hóró funfun láàrin pupa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Níbo ni funfun ti wá, nígbà tí ẹ kò gbin hóró funfun kankan? Ó ti wà nínú pupa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni fún AS méjì tí ó fẹ́ ara wọn. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, méjì pé yóò jẹ́ AS, ọ̀kan pé yóò jẹ́ AA. Mo ní oyún kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Mo ti gbọ́ kí àwọn tí ó kàwé sọ bẹ́ẹ̀. Bí AS bá fẹ́ AA, kò sí ọmọ wọn tí yóò jẹ́ SS. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “O positive” dá yín lóhùn nígbà tí ẹ bá béèrè jẹ́nótaìpù rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn: ti ìgbà tí a bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ síni lára ni.

Ní ọdún 1954, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Anthony Allison fi hàn láti inú iṣẹ́ tí ó ṣe ní ìlà-oòrùn Áfíríkà pé ọmọ tí ó jẹ́ AS kì í tètè kú ikú ibà. Nítorí náà ni S fi pọ̀ ní ilẹ̀ ẹ̀fọn bí tiwa. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan jẹ́ AS. Nínú kíláàsì tí ó ní ọmọ 40, ẹ ka bí mẹ́wàá.

Inú kíláàsì náà ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ gíga lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ náà jáde ní ọdún 2001. Lẹ́yìn náà a yí orúkọ rẹ̀ padà sí ẹ̀kọ́ ìgbé-ayé ẹbí àti HIV. Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ọdún 2003. A kò sọ ọ́ di iṣẹ́ ọ̀tọ̀, a pín in sínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Adamu Adamu, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, pàṣẹ pé kí a yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ó ní ọwọ́ àwọn òbí àti ilé ìsìn ni ó yẹ kí ó wà.

Èmi kò bá a jiyàn pé iṣẹ́ òbí ni. Ṣùgbọ́n kí ni àwa òbí ń kọ́ wọn? “Bí ọkùnrin bá fi ọwọ́ kàn ọ́, o ó lóyún.” Gbólóhùn kan yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá fi parí gbogbo ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin a sì lọ, ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a dì í lọ́wọ́ mú nínú eré, oyún kò dé; láti ọjọ́ náà, kò ní gba ohun mìíràn tí ìyá rẹ̀ bá sọ gbọ́. Nǹkan oṣù lè bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ tí a kò sọ fún yóò rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, yóò rò pé ikú dé, àwọn ọmọkùnrin tí a kò sọ fún yóò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kejì kò ní wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀ lè fún ọmọ rẹ̀ ní aṣọ mímọ́ tàbí páàdì, kí ó fi bí a ti ń lò ó hàn án. Ìyókù ọ̀rọ̀ yóò tẹ̀lé e.

Olùkọ́ kan tí mo mọ̀ gbé àpótí kan sí ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ máa kọ ìbéèrè sínú ìwé pélébé láìkọ orúkọ. Ó sọ fún mi pé ìbéèrè tí ó pọ̀ jù kì í ṣe ti ìṣekúṣe rárá. Wọ́n ń béèrè bí a ti ń sọ fún ọ̀rẹ́ pé a kò fẹ́, kí ọ̀rẹ́ má sì bínú. Wọ́n ń béèrè ohun tí a ń ṣe bí àgbàlagbà bá fi ọwọ́ kan ara ẹni ní ọ̀nà tí kò tọ́, tí ó sì ní kí a má sọ. Kí òbí tí ó bá gbọ́ irú èyí lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbà á gbọ́, kí ó tó bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀.

Nínú kíláàsì kan náà, ọmọ tí ó jẹ́ SS lè wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sì jáde lọ tọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́, nítorí ìtọ̀ rẹ̀ a máa pọ̀. Kí ó wọ aṣọ òtútù ní àkókò ọyẹ́, kí a má fi ipá mú un sáré ìje. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé àrùn náà kì í ràn. Ẹni tí ó bá ń rí ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn déédéé lè kàwé, ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè bímọ.

Ní ti àyẹ̀wò, kí ẹ ṣe é fún ọmọ nígbà tí ó wà ní ọwọ́, tàbí, bí ìyẹn bá ti kọjá, kí ó tó parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kékeré. Kí ẹ sì tún un ṣe ní ibòmíràn, nítorí àṣìṣe a máa wà, pàápàá níbi tí ẹ̀rọ kò bá dára. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fún ẹ̀kẹta. Ẹ fi ìwé náà pamọ́ pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí, kí ẹ sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ọmọ náà gan-an.