Gáàsì àti Ọ̀pá Tí Ẹ Fi Ń Jó Irin: Ìlàlóye fún Àwọn Jórinjórin àti Àwọn Tó Ń Tún Fíríìjì Ṣe

Irin tó wà níwájú yín ló yẹ kó sọ irú gáàsì àti irú ọ̀pá tí ẹ máa lò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, èyí tó wà nílẹ̀ tàbí èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n ni wọ́n ń mú. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀. A kọ ìwé yìí fún ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ọmọṣẹ́ pẹ̀lú, torí ọmọṣẹ́ ló sábà máa ń tẹrí ba sídìí èéfín jù.

Ọ́síjìn kì í ṣe atẹ́gùn lásán

Ọ́síjìn kì í gbiná fúnra rẹ̀, àmọ́ ohunkóhun tó bá ń jó, ó máa sọ iná rẹ̀ di ńlá lójú ẹsẹ̀. Òróró tàbí gírísì tó bá kan ẹnu sílíńdà rẹ̀ lè gbiná láìsí ìṣáná. Ẹ má fi ọwọ́ olóróró ṣí i, ẹ má sì fi í fẹ́ eruku ara aṣọ.

Àṣà kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíríìjì pa tì lónìí: fífi ọ́síjìn dán páìpù wò bóyá ó ń jò. Òróró wà nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí ọ́síjìn bá fi agbára wọ inú rẹ̀, ó lè bú gbàù lójú yín. Náítírójìn ni kí ẹ lò, pẹ̀lú régúlétọ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ nínú páìpù bàbà nígbà tí ẹ bá ń jó o, kí ìpẹ́ dúdú má baà hù nínú rẹ̀; ìpẹ́ yẹn ló ń dí páìpù tín-ín-rín lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Kí iná tó kan páìpù rárá, ẹ kọ́kọ́ gba gáàsì fíríìjì kúrò. R22 tó bá pàdé iná á di májèlé; R600a ń gbiná bíi gáàsì ìdáná.

Kábáìdì tàbí gáàsì ìdáná?

Asítílìn ni gáàsì tí kábáìdì ń mú jáde bó bá pàdé omi. Pẹ̀lú ọ́síjìn, iná rẹ̀ ń gbóná tó 3,100°C. Ti gáàsì ìdáná tó nǹkan bíi 2,800°C. Gáàsì ìdáná dára láti fi gé irin, ó sì dára fún fífi idẹ tàbí fàdákà jó, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ yọ́ irin pọ̀ mọ́ irin, asítílìn ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí asítílìn kọjá 15 psi lórí régúlétọ̀, torí ó lè bú fúnra rẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí ọ́síjìn. Ẹ má fi páìpù bàbà gbé e, ẹ má sì dá sílíńdà rẹ̀ dùbúlẹ̀. Dírọ́ọ̀mù kábáìdì tí kò ní ohun tó ń dènà kí iná padà wọ inú rọ́bà kò yẹ ní ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Gáàsì ìdáná ní tirẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: inú kòtò mẹkáníìkì ló máa ń rọ̀ sí.

Ọ̀pá

Fún géètì àti irin ojú fèrèsé, electrode 6013 tó. Fún ohun tó ń gbé ẹrù wúwo, 7018 ni, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Sìtéńlẹ́ẹ̀sì mọ́ irin lásán, 309. Alumíníọ̀mù ń fẹ́ gáàsì argon. Argon kò ní òórùn, ó sì ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú táńkì, nítorí náà ẹ má dá wọ inú táńkì. Ẹ má fi òjé jó ìkòkò tàbí páìpù omi mímu.

Bàbà mọ́ bàbà, ẹ lo ọ̀pá tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bàbà mọ́ irin, ẹ má lò ó, ó máa sán. Ọ̀pá fàdákà àti pàúdà rẹ̀ ni kí ẹ lò. Àmọ́ ẹ wo páálí rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí Cd tàbí cadmium níbẹ̀, ẹ má rà á. Ó ń yọ́ dáadáa, òun ló mú kí àwọn àgbà iṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 767°C ó ti ń hó di èéfín. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin dè é nínú ọ̀pá ìjórin láti ọdún 2011. Ẹni tó bá fa èéfín rẹ̀ símú lè rò pé ibà lásán ni ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ọjọ́ mélòó kan tó pé, omi lè ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì lè pa á.

Síńkì ara páànù àti páìpù omi náà ń fa òtútù àti ara gbígbóná lálẹ́, àmọ́ tirẹ̀ sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ ha síńkì náà kúrò kí ẹ tó jó o. Mílíìkì kò lè fọ èéfín kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, iye yòówù kí ẹ mu.

Bí ara yín bá gbóná ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ jó irin, ẹ má kàn ra oògùn ibà. Ẹ wá sí ilé ìwòsàn, ẹ mú páálí ọ̀pá tí ẹ lò dání, kí ẹ sì sọ irin tí ẹ jó fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí wọ́n tó bi yín. Bí mímí bá ń nira, ẹ má dúró de òwúrọ̀.