Ohun Tí Ó Di Irin Mú Nínú Omi

Bí a bá fa omi láti inú kànga jíjìn ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, a máa mọ́ gaara nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e kalẹ̀ nínú garawa di ọjọ́ kejì, a lè rí i pé ó ti pọ́n, ohun kan bí ẹrẹ̀ pupa yóò sì ti silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi irú omi bẹ́ẹ̀ fọ aṣọ funfun rí mọ ohun tí a ń wí. Àwọn mìíràn a máa rò pé ìdọ̀tí ni ó bọ́ sínú rẹ̀ ní òru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ni, inú omi náà ni ó sì ti wà láti ìgbà tí omi ti mọ́ gaara. Nínú ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, irin a máa yọ́ mọ́ omi tí ojú kò fi ní rí i. Bí ó bá ti kan afẹ́fẹ́, a di ìpáàrà, a sì silẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bàbà, òjé, sínkì àti àwọn yòókù, ni a fẹ́ sọ: bí wọ́n ti ń gbé inú omi odò, adágún àti kànga. Iye wọn kéré jọjọ. Mìlígíráàmù irin 0.3 péré nínú lítà omi kan, èyí tí í ṣe ìdá mẹ́ta nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá, tó láti ba aṣọ jẹ́. Àwọn yòókù kì í sì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe iye wọn nìkan ni ó ń sọ bóyá wọn yóò ṣe ènìyàn tàbí ẹja ní ibi. Ẹni tí ó bá wọn bàbà inú odò, tí kò sì béèrè ohun tí bàbà náà so mọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́.

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Òwe àwọn abọ̀rìṣà ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ú lọ, nítorí náà a óò yá a lò. Irin inú omi kì í sábà dá rìn. Ọwọ́ ohun kan ni a ti máa ń bá a. Ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀: ọwọ́ ta ni ó wà, àti pé ta ni ó lè bọ́ ọ kúrò níbẹ̀?

Nínú àwọn tí ń di irin mú, oje ewé jíjẹrà wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn le jù. Ẹni tí ó bá ti kọjá lẹ́bàá odò kékeré nínú igbó yóò ti rí omi tí ó dúdú bí tíì tí a kò bu mílíìkì sí. Ewé, èèpo igi àti gbòǹgbò jíjẹrà ni ó pa á láró bẹ́ẹ̀. Oje wọn a máa di bàbà mú pinpin, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ odò, bàbà tí ó wà lómìnira kì í tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ó wà lómìnira náà gan-an ni ó sì ń pa ẹja, nítorí òun ni ó lè lẹ̀ mọ́ ibi pupa tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, èyí tí ẹja fi ń mí. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, iyọ̀ ara ẹja a bẹ̀rẹ̀ sí jò dànù sínú omi, ẹja náà a sì kú. Nítorí náà, ìwọ̀n bàbà kan náà tí yóò pa ẹja nínú omi tí ó mọ́ bí dígí lè má ṣe ẹja inú omi dúdú ní nǹkan kan. Omi tí ojú wa yìn ni ó pa ẹja, èyí tí a kẹ́gàn ni ó sì gbà á là.

Omi tí ó ti inú òkúta ẹfun jáde, irú òkúta tí a ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì, ní ọ̀nà tirẹ̀. Òun ni omi tí ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀. Ẹfun tí ó yọ́ sínú rẹ̀ ń bá bàbà du àyè lára ẹja. Bí ẹfun bá ti gba ìjókòó, bàbà kò ní rí ibi jókòó sí. Omi tí ó ṣàn lórí àpáta líle bí ti Ìdànrè kò ní irú ààbò yìí púpọ̀. Ní ọdún 2007, àjọ tí ń ṣọ́ omi fún ìjọba Amẹ́ríkà fi gbogbo èyí sínú ìṣirò tí wọ́n dámọ̀ràn fún bàbà: kí a tó sọ iye tí odò kan lè gbà, a ó béèrè bí omi náà ti kan tó, bí ó ti le tó, àti bí oje ewé inú rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Ìpáàrà irin fúnra rẹ̀ ni ó kù, òun ni a sì ka sí jù. Hóró ìpáàrà kékeré a máa di òjé àti ọ̀pọ̀ ohun mìíràn mọ́ ara rẹ̀, a sì gbé wọn silẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò.

Ta ni yóò wá bọ́ òjé náà? Omi kíkan jẹ́ ọ̀kan. Ní ọ̀rúndún ogún, èéfín èédú tí ó jáde láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì bá atẹ́gùn kọjá òkun lọ sí Norway àti Sweden, ó sì bá òjò rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òjò náà sì kan. Àpáta ilẹ̀ wọn kò ní ẹfun tí ó lè pa kíkan rẹ̀. Òjò yìí bọ́ alumíníọ̀mù, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀, kúrò lọ́wọ́ erùpẹ̀, ó kó o lọ sínú omi, ẹja sì run nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún adágún. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń da ẹfun lílọ̀ sínú adágún ní Sweden láti wò wọ́n sàn.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí, láti Bangladesh ni ó ti wá, níbi tí ó ti jẹ́ pé ènìyàn ni ó jẹ ìyà, kì í ṣe ẹja. Ilẹ̀ náà jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí odò Ganges àti odò Brahmaputra fi ẹrẹ̀ àti iyanrìn láti àwọn òkè Himalaya tẹ́. Ìpáàrà irin wà lára iyanrìn náà, ásẹ́níkì sì wà lọ́wọ́ ìpáàrà. Àwọn onímọ̀ kò ka ásẹ́níkì mọ́ ẹgbẹ́ irin pátápátá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi í sí. Ṣùgbọ́n májèlé ni, ó sì ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nínú omi.

Títí di àwọn ọdún 1970, omi ìkùdu àti omi odò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń mu, ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì sì ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọn. Ìjọba àti UNICEF wá gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa ri páìpù sínú ilẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ fa omi jáde. Ìmọ̀ràn rere ni; kò yẹ kí a torí ohun tí ó tẹ̀lé e kẹ́gàn àwọn tí ó gbà wọ́n níyànjú. Kànga páìpù náà di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Omi wọn tutù, ó mọ́, kò rùn. Nígbà náà, a kì í yẹ irú omi bẹ́ẹ̀ wò fún ásẹ́níkì.

Ní ọdún 1983, ní Kolkata ní ilẹ̀ Íńdíà tí ó bá wọn pààlà, Dókítà K. C. Saha bẹ̀rẹ̀ sí rí àwọn aláìsàn tí àmì dúdú kún ara wọn, tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sì yi, tí ó ní kókó. Omi kànga páìpù ni wọ́n ń mu. Ní ọdún 1993 ni a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Bangladesh pẹ̀lú. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2001 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 35 ènìyàn ni omi wọn kọjá ìwọ̀n tí ìjọba ibẹ̀ fi lélẹ̀, èyí tí í ṣe máíkírógíráàmù 50 nínú lítà kan. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ kò sì ju 10 lọ. Ẹni tí ó bá mu ún fún ọdún pípẹ́ lè ní jẹjẹrẹ awọ ara, ti ẹ̀dọ̀fóró, tàbí ti àpò ìtọ̀.

Ta ni ó bọ́ ọ lọ́wọ́ ìpáàrà? Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan wí pé omi tí a ń fà fún oko ni ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì tú ásẹ́níkì sílẹ̀. Ní 1998, àwọn onímọ̀ mìíràn kọ ọ́ sínú ìwé Nature pé òdìkejì rẹ̀ ni, àlàyé tiwọn ni ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ewé àti koríko ti bá ẹrẹ̀ wọlẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò lè rí ń jẹ wọ́n, wọ́n sì ń lo afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú omi bí wọ́n ti ń jẹun. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tán, ìpáàrà irin ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Bí wọ́n ti ń lò ó ni ìpáàrà ń yọ́ tí ó sì ń di irin tí ojú kò rí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú kànga tiwa. Ohun gbogbo tí ó dì mọ́ra tẹ́lẹ̀ a sì bọ́ sínú omi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí lọ dí kànga rẹ̀. Irin kì í ṣe ásẹ́níkì, pé omi pọ́n kò sì fi hàn pé májèlé wà nínú rẹ̀; ọ̀pọ̀ omi tí irin wà nínú rẹ̀ kò ní ju kí ó ba aṣọ àti adùn jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ojú, imú àti ahọ́n kò lè jẹ́rìí nínú ọ̀ràn yìí. Ẹni tí ó bá ń gbẹ́ kànga fún gbogbo ilé tàbí fún ilé-ẹ̀kọ́, kí ó gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí àwọn ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ sí mu ún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, a yẹ kànga tí ó tó mílíọ̀nù 5 wò ní Bangladesh. Èyí tí ó dára ni a kùn ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, èyí tí kò dára ni a kùn ní pupa. Àwọn pupa sì tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Nígbà mìíràn kànga pupa àti ti àwọ̀ ewé kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí ara wọn, tí ó jẹ́ pé ìrìn yẹn nìkan ni ó wà láàárín ènìyàn àti májèlé. Ọ̀dà náà ti ṣí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, a sì ti gbẹ́ àwọn mìíràn tí a kò kùn rárá.

Ọmọ ilẹ̀ náà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abul Hussam, tí ó ń kọ́ni ní Virginia ní Amẹ́ríkà nígbà náà, fi ìpáàrà kan náà ṣe ìwòsàn. Ó to iyanrìn, èédú àti irin wẹ́wẹ́ sínú garawa. Bí omi ti ń kọjá, irin náà ń dípàárà, ó sì ń di ásẹ́níkì mú. Ní 2007, Àkádẹ́mì Àwọn Onímọ̀ Ẹ̀rọ ti Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn Grainger. Ohun kan tí a gbọ́dọ̀ fi yé ẹni tí ó bá ń lo irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ibi tí yóò da irin àlòkù inú rẹ̀ sí. Bí ó bá sọ ọ́ sínú ìkùdu ẹ̀yìnkùlé, láàárín ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀.