Ohun Tó Wà Nínú Fáìlì .deb

Bí ènìyàn bá tẹ apt install lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Debian, ètò tó fẹ́ á wọlé, gbogbo ohun tí ètò náà gbára lé á sì bá a wá. Ẹnì kan ló ti jókòó di ẹrù yẹn. Kì í sábà jẹ́ ẹni tó kọ ètò náà. Onítọ̀hún lè má tilẹ̀ fojú kan Debian rí. Láti ìgbà tí Ian Murdock ti dá Debian sílẹ̀ lọ́dún 1993 ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń di irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Fáìlì .deb ni ẹrù náà, kò sì ní awo nínú. Ẹ fi ar tú u, ẹ ó bá nǹkan mẹ́ta níbẹ̀: debian-binary, tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju 2.0 lọ; control.tar, tó sọ orúkọ ètò náà àti ohun tó nílò; àti data.tar, tó gbé àwọn fáìlì tí yóò lọ sí /usr àti ibòmíràn.

Hello ti GNU ni wọ́n sábà fi ń kọ́ni, ètò tí kò mọ̀ ju kó kí ayé lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba kóòdù rẹ̀, á fi fódà debian sí i, á kọ control, changelog, copyright àti rules sínú rẹ̀. Rules ló máa ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ irinṣẹ́ tó ń jẹ́ dh ti sọ ọ́ di ìlà mẹ́ta péré. Changelog ni kí wọ́n ṣọ́ra fún, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ka nọ́ńbà ẹ̀dà ètò náà. Nínú 2.10-3, ẹni tó kọ ètò ló ni 2.10, 3 jẹ́ ti àwọn tó dì í.

Build-Depends, ìyẹn ibi tí ẹ ó ti to ohun tí ẹ nílò láti sọ kóòdù di ètò sínú control, gan-an nibi tí iṣẹ́ wà. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ nílé ara rẹ̀ kì í rántí kọ iyọ̀ sínú ìwé ọjà. Bóyá ó ti pẹ́ tí zlib1g-dev ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín nítorí iṣẹ́ mìíràn. Ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ sì yọrí. Sbuild ló ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Á gbé Debian tuntun kalẹ̀, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju gcc, make àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, á fi kìkì ohun tí ẹ kọ kún un. Gcc á wá zlib.h, tí zlib1g-dev máa ń gbé wá, tì, iṣẹ́ á dúró síbẹ̀.

Ti Depends, ìyẹn ohun tí ètò nílò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, rọrùn díẹ̀. Dpkg-shlibdeps á yẹ ètò tó ti jáde wò, á rí àwọn láíbúrárì tó ń pè, á sì kọ wọ́n fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètò náà bá ń ké sí ètò mìíràn bíi git nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, dpkg-shlibdeps kò lè rí i. Ìyẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka kóòdù náà.