Bí Scotland bá gba òmìnira, ṣé Orkney àti Shetland á bá a lọ?

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira Scotland bá ti jáde nínú ìròyìn, ohùn ìjọba méjì la sábà máa ń gbọ́: ti London, àti ti Edinburgh tó jẹ́ olú ìlú Scotland. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n jìnnà sí ìlú méjèèjì, tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ni ará erékùsù. Ìbéèrè tiwọn ò le láti bi, ìdáhùn ló le: bí Scotland bá lè sọ pé London jìnnà sí òun, pé wọn ò mọ ibi tí bàtà ti ń ta òun lẹ́sẹ̀, kí ló dé tí àwa náà ò fi lè sọ bẹ́ẹ̀ fún Edinburgh?

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn wo ni ará erékùsù yìí?

Erékùsù pọ̀ ní Scotland, ṣùgbọ́n mẹ́ta la máa mẹ́nu bà níbí, torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Orkney wà lápá àríwá, kò jìnnà púpọ̀ sí etí ilẹ̀ Scotland. Shetland tún wà lókè rẹ̀, láàárín agbami òkun. Ẹ̀kẹta ni Western Isles, lápá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ti ń sọ èdè Gaelic.

Wọn ò pọ̀ rárá. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2022, Orkney ní nǹkan bí 22,000 èèyàn, Shetland ní 23,000, Western Isles sì ní 26,000. Bí a bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn ò tó èrò inú ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa níbí. Gbogbo Scotland lápapọ̀ sì lé ní mílíọ̀nù márùn-ún.

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Aberdeen, ìlú iṣẹ́ epo, á mọ èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Lerwick, tí í ṣe olú ìlú Shetland. Òru mọ́júmọ́ ni ọkọ̀ náà fi ń rìn kó tó gúnlẹ̀. Láti Lerwick, ìlú Bergen ní orílẹ̀-èdè Norway súnmọ́ ju Edinburgh lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí Norway ṣì ń bọ̀ nínú ìtàn yìí.

Báwo ni wọ́n ṣe di ara Scotland?

Ìgbéyàwó ló fà á. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, abẹ́ àwọn ọba Norway ni Orkney àti Shetland wà. Nígbà tó di 1468, Ọba Christian Kìíní, tó ń jọba lórí Denmark àti Norway, fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ obìnrin, Margaret, fún Ọba James Kẹta ti Scotland. Lọ́dọ̀ wa, ilé ọkọ ló ń san owó orí ìyàwó. Lọ́dọ̀ tiwọn nígbà náà, bàbá ìyàwó ló ń kó owó lé ọmọ lọ́wọ́ lọ sílé ọkọ. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí jẹ́ 60,000 owó góòlù tí wọ́n ń pè ní florin.

Owó ò sí lọ́wọ́ Christian. Ló bá fi Orkney dógò fún 50,000. Nínú 10,000 tó ṣẹ́ kù, 2,000 péré ló rí san, nígbà tó sì di 1469, ó fi Shetland dógò fún 8,000 yòókù. Kò rí owó gbà á padà títí dòní. Ní 1472, ilé aṣòfin Scotland so erékùsù méjèèjì mọ́ adé Scotland.

Ẹ ò rí i pé wọn ò bi ará erékùsù kankan léèrè. Èdè Norn tí wọ́n ń sọ ti kú, ṣùgbọ́n orúkọ Norway ṣì wà lára àwọn ìlú àti òkè wọn. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Tuesday tó gbẹ̀yìn oṣù January, àwọn ará Lerwick máa ń ṣe ọdún Up Helly Aa: wọ́n á múra bí àwọn jagunjagun Viking, wọ́n á gbé iná lọ́wọ́, wọ́n á sì dáná sun ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kàn fún ọdún náà. Ìdí nìyí tí ẹlòmíì níbẹ̀ fi máa ń sọ pé ará Shetland lòun kó tó ó sọ pé ará Scotland lòun.

Kí ni ìbò wọn ti sọ?

Ní 1979, wọ́n bi gbogbo Scotland bóyá wọ́n fẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn. Díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì àwọn tó dìbò tó ní Bẹ́ẹ̀ni, ṣùgbọ́n iye náà ò tó ohun tí òfin béèrè. Ní Orkney, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní Bẹ́ẹ̀kọ́. Ní Shetland, ìdá 73.

Nígbà tí ìbéèrè náà padà wá ní 1997, Orkney gbà kí ilé aṣòfin wà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ kí ilé náà ní agbára láti yí owó orí tí aráàlú ń san padà. Lédè mìíràn: ẹ lè máa sọ̀rọ̀ lórúkọ wa, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan àpò wa.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù September 2014 ni ìbò òmìnira gan-an wáyé. Jákèjádò Scotland, ìdá 55.3 ló ní Bẹ́ẹ̀kọ́. Ní Orkney, ó tó ìdá 67.2, ní Shetland sì rèé, ìdá 63.7. Western Isles tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Ibẹ̀ ni SNP, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira, ti kọ́kọ́ rí àga gbà nínú ìdìbò gbogbogbòò ní 1970, síbẹ̀ ìdá 53.4 níbẹ̀ ló ní Bẹ́ẹ̀kọ́.

Ṣé London ni wọ́n fẹ́ràn, nígbà náà?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Ní 1975, nígbà tí UK dìbò bóyá kí wọ́n dúró nínú àjọ okòwò ilẹ̀ Yúróòpù, ìpínlẹ̀ ìdìbò méjì péré ló kọ̀ jákèjádò UK: Shetland àti Western Isles. Apẹja pọ̀ níbẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí àwọn ará òkèèrè máa pàṣẹ lórí omi wọn. London ń pè wọ́n sí apá kan, wọ́n gba apá kejì lọ.

Ọ̀rọ̀ epo tún fi ìwà wọn hàn. Ní 1971, wọ́n rí epo rọ̀bì ní Brent, nínú òkun lápá àríwá ìlà oòrùn Shetland. Ẹgbẹ́ SNP ń pariwo pé epo Scotland ni. London ní epo UK ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Shetland ò bá wọn pariwo. Wọ́n lọ gba òfin tiwọn ní ilé aṣòfin London ní 1974, òfin tó fún wọn lágbára lórí èbúté àti ilẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo fẹ́ lò. Nígbà tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í dé èbúté Sullom Voe ní 1978, àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń sanwó fún wàhálà tí wọ́n kó bá ìlú. Wọ́n kó owó náà pamọ́ fún ìlú, òun ni wọ́n sì ń ná sórí ìtọ́jú àgbàlagbà àti gbọ̀ngàn eré ìdárayá.

A máa ń sọ pé bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a. Ní ti Shetland, koríko náà mọ bí yóò ṣe jèrè nínú ìjà ọ̀hún.

Ǹjẹ́ wọ́n fẹ́ dá dúró ni?

Àwọn kan béèrè. Ṣáájú ìbò 2014, wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin Scotland pé kí erékùsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìbò tiwọn lọ́tọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí Scotland bá ti dìbò. Ìjọba Scotland ò gbà. Ní September 2020, ìgbìmọ̀ Shetland dìbò 18 sí 2 pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí ìlú á fi túbọ̀ máa darí ara rẹ̀. Ní July 2023, ìgbìmọ̀ Orkney náà fọwọ́ sí ìwádìí lórí irú ìṣàkóso mìíràn tó lè bá wọn mu, wọ́n sì tún dárúkọ Norway. Ìròyìn náà ká gbogbo ayé pé Orkney fẹ́ padà sí Norway.

Àsọdùn ni. Ìwádìí ni wọ́n fọwọ́ sí, wọn ò dìbò láti lọ. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò láti erékùsù kan sí èkejì ti gbó, àti pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, owó tí Edinburgh ń fún wọn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò tó ti Shetland àti Western Isles. Níbi tí kò sí afárá, ọkọ̀ ojú omi ni títì. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ọmọ ò ní lè lọ sílé ìwé, aláìsàn ò sì ní rí ilé ìwòsàn lọ.

Ìbínú yìí ti so èso díẹ̀ rí. Ní 2013, tí ìbò òmìnira ku bí ọdún kan, ìgbìmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pawọ́ pọ̀ lọ bá London àti Edinburgh pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún àwọn. Lọ́dún náà ni Alex Salmond, tó jẹ́ olórí ìjọba Scotland, lọ ṣèlérí ní Lerwick. Láti ibẹ̀ ni òfin erékùsù ọdún 2018 ti jáde, tó ní kí ìjọba Scotland máa wo bí òfin tuntun ṣe máa kan ará erékùsù kó tó ṣe é.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ó kan àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún. Ní 2014, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ UK nìkan ló dìbò. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé Scotland, tó ní ìwé àṣẹ ìgbélùú, tó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láǹfààní láti dìbò, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní November 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní UK sọ pé ilé aṣòfin Scotland ò lè dá pe irú ìbò bẹ́ẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé London fọwọ́ sí i. Bí ọjọ́ kan bá sì tún pé, ará erékùsù á tún béèrè ìbéèrè wọn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá fẹ́ kí London fún òun láyè láti pinnu ọ̀nà ara rẹ̀, ó yẹ kó ti ní èsì lẹ́nu fún ará Lerwick tó ń bi í pé: èmi náà ńkọ́?